Bí a ṣe ń fi ọ̀rá sẹ́rámáìdì gbé òògùn: láti orí yíyan ìrù títí dé ìdánwò lórí sẹ́ẹ̀lì

Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń da lípósóòmù oní-sẹ́rámáìdì, ìyẹn àwọn bọ́ọ̀lù ọ̀rá kékeré tí omi wà nínú wọn, lé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lórí, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sì ń dàgbà lọ bí ẹni pé omi lásán ni mo bù fún wọn. Ìtóbi àwọn lípósóòmù ọ̀hún dára lójú ẹ̀rọ, wọ́n súnmọ́ 100 nànómítà, wọ́n dọ́gba, omi wọn sì mọ́ kedere. Ọjọ́ tí mo tú ẹ̀rọ tí mo fi ń sẹ́ wọn palẹ̀ ni mo rí nǹkan funfun kan tó lẹ̀ pẹlẹbẹ mọ́ asẹ́ inú rẹ̀, bí ẹfun tí a fi ìka pa. Sẹ́rámáìdì mi ni. Orí asẹ́ ló kú sí. Ọ̀rá yòókù nìkan ló kọjá wọ inú ìgò.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé fún àwọn ọ̀rá tó gbọ́ràn ni wọ́n kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtọ́sọ́nà tó wà lórí lípósóòmù, àwọn ọ̀rá tí wọ́n máa ń tò jọ fúnra wọn bí omi bá ti kàn wọ́n. Sẹ́rámáìdì kò rí bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ máa bi ara yín: níbo ni sẹ́rámáìdì mi wà báyìí? Ẹni tó ní ilé ìwádìí tó péye, tó sì ní àpótí tí ń fa èéfín kẹ́míkà síta, ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí a bá ṣe níhìn-ín kò yẹ fún ara ènìyàn láìjẹ́ pé ó ti la ìdánwò lórí ẹranko àti àṣẹ àwọn tó ń bójú tó òògùn kọjá.

Ìwà sẹ́rámáìdì

Nǹkan méjì ló para pọ̀ di sẹ́rámáìdì: sphingosine, tó sábà máa ń ní kábọ́ọ̀nù 18, àti ásíìdì ọ̀rá kan tí a so mọ́ náítírójìn rẹ̀. Johann Thudichum, tó ṣiṣẹ́ lórí kẹ́míkà inú ọpọlọ, ló sọ sphingosine lórúkọ ní 1884, ó sì fi Sphinx inú ìtàn àwọn Gíríìkì sọ ọ́, nítorí pé àlọ́ àpamọ̀ ni nǹkan náà jẹ́ fún un. Orúkọ náà ṣì bá a mu.

Orí sẹ́rámáìdì kéré gan-an, ìrù rẹ̀ méjèèjì (okùn kábọ́ọ̀nù rẹ̀) sì pọ̀ ju orí náà lọ, nítorí náà kò lè dá dúró nínú omi. Àwọn sẹ́rámáìdì tún máa ń di ara wọn mú ṣinṣin láti orí dé orí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìdìmú náà ṣe le tó, ẹ fi DPPC, ọ̀kan nínú àwọn fọ́sífólípídì tí a fi ń kọ́ ògiri lípósóòmù, tí ìrù rẹ̀ jẹ́ kábọ́ọ̀nù 16, wé sẹ́rámáìdì C16: DPPC ń rọ̀ ní 41 °C, ṣùgbọ́n sẹ́rámáìdì C16 tó dá wà kì í rọ̀ títí ooru yóò fi dé nǹkan bí 90 °C. Nínú ògiri lípósóòmù, abẹ́ orí ńlá àwọn fọ́sífólípídì ló máa ń sá sí kí omi má bàa kàn án. Abẹ́ orí yẹn gan-an ni kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù náà ń sá sí. Àwọn méjèèjì ń du ibùgbé kan ṣoṣo, ẹni tó bá sì kó kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù púpọ̀ pọ̀ mọ́ sẹ́rámáìdì púpọ̀ yóò rí i pé ọ̀kan nínú wọn yóò jáde, yóò sì dì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yan ìrù

Ìpinnu yìí ló ń darí gbogbo èyí tó kù, mi ò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni ra ohunkóhun kí ó tó ṣe é. Nọ́mbà tó tẹ̀lé C nínú orúkọ sẹ́rámáìdì ni iye kábọ́ọ̀nù tó wà nínú ásíìdì ọ̀rá rẹ̀. C6 kúrú, C16 àti C24 gùn.

Bí ó bá jẹ́ pé sẹ́rámáìdì fúnra rẹ̀ ni òògùn, C6 ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Nínú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́rámáìdì wà lára àmì tó ń sọ fún un pé àsìkò ikú rẹ̀ tó, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó ń wá òògùn jẹjẹrẹ fi ń lépa rẹ̀. C6 lè jáde kúrò nínú lípósóòmù kí ó sì wọ awọ sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Irọ̀rùn yìí ni àǹfààní rẹ̀, òun náà sì ni àléébù rẹ̀, nítorí pé bó ṣe ń yára wọ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà ló ṣe lè yára bọ́ sára àwọn púrótéènì inú ẹ̀jẹ̀ àti sẹ́ẹ̀lì mìíràn tó bá pàdé lọ́nà. C16 yàtọ̀. Bí ẹ bá dà á sínú omi sẹ́ẹ̀lì láìsí ohun tó gbé e, kò ní wọlé. Ṣùgbọ́n bó bá wà nínú ògiri lípósóòmù, ibẹ̀ ni yóò dúró sí, sẹ́ẹ̀lì yóò sì ní láti gbé odidi lípósóòmù mì kí ó tó dé inú.

Ohun kan tún wà tí a kì í sábà rántí. Sẹ́ẹ̀lì kì í káwọ́ lẹ́yìn wo sẹ́rámáìdì. Ó ní ẹ́ńsáìmù tó ń gé e padà di sphingosine, ẹ́ńsáìmù mìíràn a sì sọ sphingosine yẹn di sphingosine-1-phosphate, tó ń pàṣẹ òdìkejì fún sẹ́ẹ̀lì: kí ó wà láàyè, kí ó máa pọ̀ sí i. Òmíràn tún máa ń lẹ ṣúgà mọ́ sẹ́rámáìdì kí agbára rẹ̀ lè rọ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì tí ẹ ń dojú kọ bá ní ẹ́ńsáìmù wọ̀nyí lọ́pọ̀, àfikún ìwọ̀n sẹ́rámáìdì nìkan lè má tó. Ó lè gba pé kí ẹ fi òògùn tó ń dí wọn lọ́wọ́ kún un. Tamoxifen, òògùn jẹjẹrẹ ọmú, wà lára àwọn tí wọ́n ti lò fún dídènà lílẹ ṣúgà yìí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣírò ìwọ̀n

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn láti fi kọ́ ẹni tuntun ni ti C6 tí Mark Kester àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Penn State fi ṣiṣẹ́, èyí tó ti dé ìpele kìíní ìdánwò lára àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rá márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, ìpín wọn ní mólì sì jẹ́ DSPC 3.75, DOPE 1.75, DSPE-PEG2000 0.75, sẹ́rámáìdì C8 tí a so PEG750 mọ́ 0.75, àti C6 3 (DSPC, DOPE àti DSPE jẹ́ fọ́sífólípídì; PEG sì ni okùn gígùn tó fẹ́ràn omi tí a so mọ́ orí ọ̀rá). Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10, nítorí náà sẹ́rámáìdì C6 kó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù níbẹ̀ rárá. Ẹ̀wẹ̀, àwọn ọ̀rá onírùngbọ̀n PEG ni wọ́n fi orí ńlá wọn bo sẹ́rámáìdì mọ́lẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí lípósóòmù kan lẹ̀ mọ́ èkejì.

Fún mílílítà kan tí àpapọ̀ ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́ máíkírómólì 10, ẹ óò wọn nǹkan bí mílígíráàmù 2.96 DSPC, 1.30 DOPE, 2.10 DSPE-PEG2000 àti 1.19 C6. Ọ̀nà tí mo gbà rí i rọrùn: ìwúwo mólì C6 jẹ́ 397.6, mo fi máíkírómólì 3 sọ ọ́ di púpọ̀, mo sì pín in sí 1,000. Ti sẹ́rámáìdì oní-PEG, ẹ fi nọ́mbà tó wà lára ìgò tí ẹ rà ṣírò rẹ̀, nítorí pé ìrùngbọ̀n PEG kì í gùn dọ́gba láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ ṣe ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ bí ẹ bá lè ṣe é. Wíwọn mílígíráàmù kan péré máa ń fa àṣìṣe tí kò ṣeé tún ṣe mọ́.

Bí òògùn mìíràn bá máa wọ inú lípósóòmù náà, ìsinsìnyí ni kí ẹ pinnu ibi tí yóò jókòó. Òògùn tó kórìíra omi yóò bá ọ̀rá wọ inú ìgò láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń yọ́ nínú omi yóò wà nínú omi tí ẹ óò fi rẹ ọ̀rá. Ní ti irú doxorubicin, òògùn jẹjẹrẹ tí a sábà máa ń fi ìyàtọ̀ iyọ̀ ammonium sulfate láàárín inú àti ìta lípósóòmù fà wọlé, ẹ ṣọ́ra gidigidi, nítorí pé sẹ́rámáìdì máa ń mú kí ògiri lípósóòmù jò, ìyàtọ̀ iyọ̀ náà sì lè parẹ́ kí òògùn tó wọlé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí sẹ́rámáìdì díẹ̀, kí ẹ máa fi kún un ní díẹ̀díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yọ́ ọ pátápátá

Kúlórófọ́ọ̀mù àti mẹ́tánọ́ọ̀lù, méjì sí ọ̀kan, ni mo máa ń lò. Kúlórófọ́ọ̀mù nìkan lè tó fún C6, ṣùgbọ́n àwọn onírù gígùn máa ń lọ́ra nínú rẹ̀, pàápàá bí ó bá tutù. Ìgò gíláàsì nìkan ni kí ẹ lò, títí kan ohun tí ẹ fi ń fa omi náà. Kúlórófọ́ọ̀mù máa ń fa kẹ́míkà jáde lára ike, kẹ́míkà yẹn yóò sì di ara ọ̀rá yín láìjẹ́ pé ẹ rí i.

Ẹ mú ìgò náà lọ́wọ́, kí ẹ gbé e sí iwájú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì rọra yí i. Bí ẹ bá rí ohun kan tó ń fò lójú bí eruku inú oòrùn, kò tíì yọ́. Ẹ gbé e sínú omi tó wà ní nǹkan bí 40 °C fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tún wò ó. Ẹ má ṣe kúrò ní ìgbésẹ̀ yìí títí yóò fi mọ́ bí omi ojò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ gbẹ ẹ di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́

Ẹ da àpòpọ̀ náà sínú ìgò oníkùn roboto, kí ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ tí ń yí ìgò lórí omi gbígbóná tó sì ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ kí omi náà gbóná níwọ̀ntúnwọ̀nsì, kí ẹ sì dín agbára ìfàfẹ́fẹ́ kù ní ìbẹ̀rẹ̀ kí kẹ́míkà má bàa hó gùn òkè. Bí ó bá tutù jù, sẹ́rámáìdì ni yóò kọ́kọ́ jáde kúrò nínú àpòpọ̀, yóò sì dá dì sí apá kan.

Awọ tó dára máa ń dán, ó sì máa ń jẹ́ kí a rí òdìkejì ìgò. Bí ẹ bá rí ibi tó funfun bí ìrì dídì, tó ní ẹ̀ka wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ ẹyẹ, sẹ́rámáìdì ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ nìyẹn. Kò sí ohun tí omi yóò ṣe sí i tí yóò fi padà bọ̀ sípò. Ẹ da kúlórófọ́ọ̀mù àti mẹ́tánọ́ọ̀lù sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tún un gbẹ nínú ooru tó ga díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sábẹ́ ìfàfẹ́fẹ́ di ọjọ́ kejì kí kúlórófọ́ọ̀mù tó kù lè tán.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ rẹ ẹ nínú ooru

Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú, níbí sì ni èmi náà ti ṣubú. Mo lo ooru tó yẹ ọ̀rá tó rọ̀ ju èyí tó wà lọ́wọ́ mi lọ. Òfin rẹ̀ ni pé omi bọ́fà (omi oníyọ̀ tí kì í jẹ́ kí ìwọ̀n ásíìdì yí padà) àti ìgò gbọ́dọ̀ gbóná ju ibi tí ọ̀rá tó le jù lọ nínú àpòpọ̀ ti ń rọ̀. DSPC ń rọ̀ ní 55 °C, nítorí náà 60 sí 65 °C ni kí ẹ lò fún àpẹẹrẹ òkè yìí. Bí ó bá jẹ́ sẹ́rámáìdì onírù gígùn ni ẹ lò, ooru yín gbọ́dọ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ mú bọ́fà náà gbóná kí ó tó kan awọ ọ̀rá. Ẹ dà á sí i, kí ẹ máa yí ìgò náà nínú omi gbígbóná fún wákàtí kan, kí ẹ sì máa gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì lóòrèkóòrè. Yóò funfun bíi wàrà. Bí ẹ bá dá a dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tí ẹ rí ègé tó lẹ̀ mọ́ ògiri ìgò tàbí èyí tó sùn sísàlẹ̀, ẹ mú ooru gòkè díẹ̀, kí ẹ sì gbé ìgò náà sínú ẹ̀rọ ìgbì ohùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Kí ẹ tó sẹ́ ẹ, ẹ kán ẹ̀kán kan sórí gíláàsì, kí ẹ sì wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù tó ní asẹ́ ìmọ́lẹ̀ méjì tó dábùú ara wọn. Kírísítálì sẹ́rámáìdì yóò tàn yẹ̀ẹ̀ nínú òkùnkùn níbẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni àyẹ̀wò yìí ń gbà, ìbá sì ti gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mi là.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ sẹ́ ẹ

Ẹ lo asẹ́ polycarbonate oníhò 100 nànómítà láàárín sírínjì gíláàsì méjì, lórí irin tó gbóná dé ooru kan náà tí ẹ fi rẹ ọ̀rá. Bí ó bá le láti tì, ẹ kọ́kọ́ gba asẹ́ oníhò 400 kọjá, kí ẹ tó lo 200, kí ẹ sì wá parí rẹ̀ sí 100. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo máa ń tì í. Iye tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba ni kí ẹ máa lò, kí ohun tí ẹ óò kó jáde lè wà nínú sírínjì òdìkejì, kí ègé tí asẹ́ mú má bàa bá a lọ. Àwọ̀ wàrà yóò máa ṣá lọ, títí omi náà yóò fi máa tan bíi búlúù díẹ̀ lójú ìmọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ kí ẹ wo asẹ́. Ẹ má fi èyí sílẹ̀ láéláé.

Bí òògùn kan bá wà lẹ́yìn òde lípósóòmù, ẹ fi òpó Sephadex G-50 (hóró oníhò wẹ́wẹ́ tí ń ya ohun kékeré kúrò lára ohun ńlá) yà á sọ́tọ̀, tàbí kí ẹ fi í sínú àpò ìsẹ́ tó wà nínú bọ́fà púpọ̀ di ọjọ́ kejì.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ wọn sẹ́rámáìdì tó kù

Ẹ̀rọ tí ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn ìtóbi yóò sọ bí lípósóòmù yín ṣe tóbi tó àti bóyá wọ́n dọ́gba. PDI, nọ́mbà tó ń sọ bí ìtóbi wọn ṣe dọ́gba tó, dára bó bá wà nísàlẹ̀ 0.2. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò mọ ohun tó wà nínú ògiri wọn. Lípósóòmù tí sẹ́rámáìdì rẹ̀ kú sórí asẹ́ lè ní nọ́mbà tó wuyì ju èyí tí sẹ́rámáìdì rẹ̀ pé lọ. Ẹ mú díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ẹ tó sẹ́ ẹ, kí ẹ mú díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ sẹ́ ẹ tán, kí ẹ fi kúlórófọ́ọ̀mù àti mẹ́tánọ́ọ̀lù yọ ọ̀rá inú méjèèjì, kí ẹ sì fi HPLC tàbí LC-MS (àwọn ẹ̀rọ tí ń ya kẹ́míkà sọ́tọ̀ tó sì ń wọn ìkọ̀ọ̀kan) wọn sẹ́rámáìdì wọn. Ìdá tó kù lẹ́yìn asẹ́ ni ìwọ̀n tí ẹ óò máa lò nínú gbogbo ìṣirò láti ibí lọ, kì í ṣe èyí tí ẹ wọn lórí òṣùwọ̀n ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Láti mọ bí ògiri náà ṣe ń jò, ẹ ṣe díẹ̀ tó ní àwọ̀ calcein púpọ̀ nínú. Nígbà tí calcein bá pọ̀ jọ síbi kan, kì í tàn; bí ó bá jò jáde tó sì fọ́nká, ìtànṣán rẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i, ẹ óò sì fi ojú ẹ̀rọ rí jíjò náà láti wákàtí dé wákàtí. Ẹ ṣe é nínú bọ́fà, kí ẹ sì tún un ṣe nínú omi ẹ̀jẹ̀ ní 37 °C, nítorí pé omi ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ òtítọ́.

Ẹ tọ́jú èyí tó kù sí 4 °C lábẹ́ gáàsì náítírójìn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dì láìsí ṣúgà bíi súkúrósì tàbí trehalose nínú rẹ̀, kí ẹ sì tún ìtóbi rẹ̀ wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan àti lẹ́yìn oṣù kan, kí ẹ máa tún wo ẹ̀kán kan lábẹ́ máíkírósíkóòpù, nítorí pé sẹ́rámáìdì lè dì ní díẹ̀díẹ̀ nínú ìgò tó dùn ún wò lójú.

Bó bá jẹ́ pé awọ ara ni ọ̀nà yín

Nínú ìpele òde awọ ara, sẹ́rámáìdì kó nǹkan bí ìdajì ìwúwo ọ̀rá tó wà níbẹ̀, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, ásíìdì ọ̀rá sì tẹ̀lé wọn. Lípósóòmù tó fara wé ọ̀rá yìí ṣeé ṣe láìsí fọ́sífólípídì rárá: sẹ́rámáìdì 40, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù 25, palmitic acid 25 àti cholesteryl sulfate 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Iná mànàmáná tó wà lára àwọn méjì tó kẹ́yìn ló ń jẹ́ kí wọ́n ṣí nínú omi.

Fún ìpara, ẹ yọ́ sẹ́rámáìdì pọ̀ mọ́ òróró nínú ooru títí yóò fi mọ́ kedere kí omi gbígbóná tó kàn án. Ẹ má sì fi sẹ́rámáìdì nìkan sí i. Ìwádìí lórí awọ tó ti bàjẹ́ fi hàn pé bí a bá fi ọ̀kan tàbí méjì péré nínú àwọn ọ̀rá mẹ́ta wọ̀nyí (sẹ́rámáìdì, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àti ásíìdì ọ̀rá) pa á, ìwòsàn rẹ̀ máa ń falẹ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, yóò san bó ṣe yẹ, bí ọ̀kan bá sì di ìlọ́po mẹ́ta èkejì àti ẹ̀kẹta, yóò tètè san. Ẹ rántí pé sẹ́rámáìdì onírù gígùn ń tún ògiri awọ ṣe ni, ògiri tó sì dúró dáadáa kì í jẹ́ kí òògùn wọlé. Àwọn onírù kúkúrú ló máa ń la ògiri náà fún òògùn. Ẹ mọ èyí tí ẹ ń wá nínú méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ dán an wò lórí sẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú ìfiwéra tó péye

Ẹ ṣe lípósóòmù kejì tí kò ní C6 nínú, nítorí pé ọ̀rá yòókù pàápàá lè pa sẹ́ẹ̀lì bó bá pọ̀ jù. Ẹ ṣe ẹ̀kẹta, tí ẹ fi dihydroceramide C6 rọ́pò sẹ́rámáìdì. Ìdè méjì kan ṣoṣo, tó wà láàárín kábọ́ọ̀nù kẹrin àti ìkarùn-ún sphingosine, ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, síbẹ̀ dihydroceramide kì í sábà pa sẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà, bí òun náà bá pa sẹ́ẹ̀lì yín tó bí sẹ́rámáìdì ti ń pa wọ́n, kì í ṣe àmì ikú inú sẹ́ẹ̀lì ni ẹ rí, ọ̀rá tó pọ̀ jù ni. Ẹ fi ìwọ̀n kan náà da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé wọn, ìwọ̀n tí HPLC fún yín lẹ́yìn asẹ́, kí ẹ sì wo sẹ́ẹ̀lì náà ní wákàtí 24 àti 48.